Ìka Mẹ́rin Lára Ọ̀pá Kẹta

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é nírọ́. Ìyẹn ò ní kí ọkùnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ọlọ́wọ́-funfun ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kì í fọwọ́ lásán kan ẹ̀rọ. Kò kàwé púpọ̀. Ojú ló fi kọ́ṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tọ́jú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ omi iléèwé wò bóyá òjé, irin olóró, wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ò ṣòro. Ọ̀pá irin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò fara kanra. Àlàfo àárín wọn ò gba ìka ọmọ ọwọ́. Pọ́ǹpù á kọ́kọ́ fa gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rán ohun tíntìntín inú omi, tí iná mànàmáná ti wà lára wọn, gba àárín ọ̀pá kọjá. Iná orí ọ̀pá á máa tì wọ́n sọ́tùn-ún, á máa tì wọ́n sósì. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe déédéé á mì lọ mì bọ̀, á sì jáde lódìkejì. Èyí tó wúwo jù tàbí tó fúyẹ́ jù á ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lu ọ̀pá, ó parí. Èyí tó jáde ló ń ya òkè ṣóńṣó kan sójú kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ Ajé, òkè yẹn là sí méjì.

Ó mọ ohun tó ń fà á. Ìdọ̀tí ti wà lára ọ̀pá. Ó pa pọ́ǹpù. Yàrá náà pa rọ́rọ́. Ó tú ẹ̀rọ, ó yọ àwọn ọ̀pá. Lára ìkẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kọjú sí àárín gan-an, ojú ìka kan wà níbẹ̀. Ojú ìka èèyàn, pẹ̀lú gbogbo ilà rẹ̀, ó dúdú bí ohun tí iná jó mọ́ irin.

Inú bí i. Ó fi aṣọ rírọ̀ àti sípíríìtì nù ún, láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, bó ṣe máa ń ṣe. Ó dá ọ̀pá kọ̀ọ̀kan padà sáyè rẹ̀, torí ọ̀pá kì í pààrọ̀ àyè, nọ́ńbà wà nídìí wọn. Ó tan pọ́ǹpù.

Ọ̀gá wọn, Màmá Onígíláàsì, wọlé wá. Ó ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá. Tí òkè yẹn ò bá dúró lẹ́yọ kan, òun á gbé ẹ̀rọ fún ẹni tó ní sátífíkéètì, kí Ọlọ́wọ́-funfun máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òkè tún là. Ó tú u. Ojú ìka méjì.

Lọ́jọ́rú, mẹ́ta. Màmá Onígíláàsì dúró tì í.

"Ọlọ́wọ́-funfun, o ti ń fọwọ́ lásán kan ọ̀pá, àbí?"

"Mà, ẹ mọ̀ pé mi ò jẹ́ dán an wò."

"Ta wá ni? Àbí òjé ti ní ìka ni?"

Ọlọ́wọ́-funfun tẹ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú íńkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Kò jọ ọ́. Màmá náà tẹ tirẹ̀. Kò jọ ọ́. Àwọn méjèèjì nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́. Màmá wá gbìyànjú láti ti ọmọ ìka rẹ̀ bọ àárín àwọn ọ̀pá. Kò wọlé. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ò yẹ̀ o. Ó jáde.

Nílé, ìyàwó Ọlọ́wọ́-funfun ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní irú irin wo ló ń bá ọkọ èèyàn jà? Ọkùnrin náà ní òun ò mọ iṣẹ́ míì.

Lọ́jọ́bọ̀, ìka mẹ́rin. Wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, bí ìgbà téèyàn di ọ̀pá mú kó má baà ṣubú. Kò sí àtàǹpàkò. Ó nù wọ́n. Ó dé ẹ̀rọ padà, ó tan pọ́ǹpù. Ọ̀sán gangan ni, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ ìró pọ́ǹpù, ó ń gbọ́ nǹkan. Bí èékánná lára irin. Ó gbé etí rẹ̀ lé ẹ̀rọ. Kò gbọ́ ọ mọ́. Ó gbé e kúrò. Ó tún gbọ́ ọ.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òkè ṣì là. Kò sáyè àtitú u mọ́. Ìdajì ọjọ́ ni pọ́ǹpù fi ń fa afẹ́fẹ́ tán. Ó lu tábìlì. Ọdún mọ́kàndínlógún. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ara ẹ̀rọ, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Ó ti sú mi. Tó bá jẹ́ dandan ni kó o di nǹkan mú, fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀. Wá di èmi mú."

Ìró pọ́ǹpù ò yí padà. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ò mì. Ṣùgbọ́n òkè méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Díẹ̀díẹ̀. Wọ́n di ẹyọ kan.

Àwọn alábẹ̀wò dé. Wọ́n gbé oríṣi omi mẹ́ta fún un, ẹ̀rọ ya wọ́n sọ́tọ̀ kedere. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí òkè tó gún régé tó báyìí rí. Màmá Onígíláàsì rẹ́rìn-ín, ó na ìwé sí i kó buwọ́ lù ú. Ọlọ́wọ́-funfun bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún.

Ojú ìka mẹ́rin wà lẹ́yìn ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò wà níwájú.

Kò dùn ún. Ó kàn tutù ni. Màmá rí i. Ọkùnrin náà wọ ìbọ̀wọ́ padà, ó sì fi í buwọ́ lù ú.

Ọṣẹ ò bó àmì náà. Sípíríìtì ò bó o. Kò sẹ́ni tó dárúkọ sátífíkéètì mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá gba ìsinmi, kó tó di ọ̀sán, Màmá á pè é.

"Máa bọ̀. Òkè ti là."

Ó ti mọ̀ kí fóònù tó dún. Bó ṣe ń jìnnà sí yàrá yẹn ni ọwọ́ tó di í mú náà ń fún un. Tó bá padà dé ẹnu ọ̀nà, á dẹ̀ díẹ̀.