Òkúta Kẹrin Lábẹ́ Igi Kajú

Òkúta mẹ́ta ni Sétou àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fi sílẹ̀ lábẹ́ igi kajú ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin ni wọ́n bá.

Wenceslas rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ àdúgbò ni," ó ní, ó sì fi ẹsẹ̀ ta ọ̀kan dànù. Olùkọ́ ni, kò sí ohun tí kì í rí àlàyé fún. Òun ló dá a lábàá lọ́dún 1996 yẹn pé kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ láti Bantè lọ sí ọdún iṣu tuntun ní Savalou. Kì í ṣe títì tí gbogbo ayé ń gbà o. Àfonífojì àárín òkè ni, níbi tó rẹwà dójú ikú, tí ìgòkè rẹ̀ sì ń mú akọni pe ìyá rẹ̀. Moumouni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sétou náà gbà, bẹ́ẹ̀ aṣọ ló ń rán, kò sì ní kẹ̀kẹ́.

Wọ́n ya ọ̀nà náà sórí iyanrìn. Kóro kajú dúró fún abúlé, òkúta ńlá fún òkè, òkúta wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa jiyàn lórí ibi tí wọn yóò ti jẹun àti ẹni tí yóò gbé pọ́ǹpù. Ìjà díẹ̀, ẹ̀rín púpọ̀.

Kẹ̀kẹ́ kan wà nínú ilé náà ṣá. Ti Boukari ni, bàbá Sétou, tó fi ń ru búrẹ́dì láti Savalou wá sí Bantè kí ibà tó pa á. Ìyá Sétou ti fi aṣọ bò ó, ó tú aago rẹ̀, ó fi í sínú àpótí. Nígbà ayé Boukari, bó bá fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà, kì í pè é lórúkọ. Yóò tẹ aago yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ìyá yóò tún gèlè wé, yóò jáde, yóò jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi," ni Sétou ń bẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ẹni tó ni ín kò sọ fún mi pé kí n yá ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Sétou wọra. Láìsí kẹ̀kẹ́ yẹn, ilé ni yóò jókòó sí, tí yóò máa gbọ́ ìròyìn ọ̀nà lẹ́nu àwọn ọkùnrin.

Òkúta kẹrin kò lọ o. Bí wọ́n ta á nù lónìí, wọ́n á tún bá a lọ́la, níwájú àwọn mẹ́ta yòókù, bí ẹni tó mọ̀nà. Oòrùn a máa pa á láti àárọ̀, síbẹ̀ ó tutù bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odò. Moumouni ò fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tó yá, òkúta náà dé ẹnu àfonífojì orí iyanrìn, níbi tí afárá onígi wà, ó dúró síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ti pa ọ̀nà tí Wenceslas yà rẹ́. Ó ti ya òmíràn tó yà sápá òsì, gba ara òkè lọ. Ìlà méjì ni, tó sún mọ́ra, tó ń bára wọn rìn. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná gba abẹ́ igi náà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ṣe búrẹ́dì ní àdúgbò yẹn.

Wenceslas ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìka wo ló ń ya irú èyí?" ó béèrè kẹ́lẹ́.

Ìyá Sétou fi ẹ̀wà tó ń ṣà sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Iná ti jó Boukari lọ́wọ́ nígbà èwe, ìka rẹ̀ méjì sì lẹ̀ mọ́ra. Gbogbo ohun tó bá fi ọwọ́ náà yà sílẹ̀, ìlà méjì ni. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ò rí alágídí! Ó kú tán, kò yéé júwe ọ̀nà fún èèyàn." Ó wọlé, ó mú aago jáde, ó so ó padà mọ́ kẹ̀kẹ́. "Ẹni tó ni ín ti sọ̀rọ̀. Gbé e, Sétou. Ṣùgbọ́n ibi tó yà sí ni kí ẹ yà sí."

Sétou fò sókè, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé gongo.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n yà sósì. Wọ́n gun òkè, wọ́n ti kẹ̀kẹ́, Moumouni ń kọrin tí kò bá ohùn mu. Láti òkè ni wọ́n ti rí afárá náà nísàlẹ̀. Ó ti kán sí méjì, omi pupa ń ru gùdù níbi tí wọn ì bá fi eré sísọ̀ já sí.

"Wàláhì," ni Moumouni sọ. "Ẹ ṣé o, Bàbá."

Wọ́n jẹ iṣu tuntun ní Savalou títí ìgbátí sòkòtò fi fún àwọn ọkùnrin. Wọ́n gba ọ̀nà òkè yẹn náà padà wálé. Àwọn ọkùnrin lọ sílé wọn, Sétou fi kẹ̀kẹ́ ti ara ògiri, ó lọ wo abẹ́ igi.

Òkúta mẹ́ta ti padà síbi tí wọ́n ti gbéra. Ìlà méjì tuntun sì ti ibẹ̀ lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀. Òkúta kẹrin wà níbẹ̀. Karùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Sétou sáré lọ bá ìyá rẹ̀. Òun ló bẹ̀bẹ̀ títí aago fi jáde nínú àpótí.

"Ìyá mi, ta ló fi ọ̀kan kún un?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mo ti jù ú nù títí. Mo ní ọjọ́ orí mi ti kọjá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Kò gbọ́."

Sétou mú òkúta karùn-ún náà, ó sọ ọ́ sínú igbó, ó wá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú ṣinṣin. Kẹ̀kẹ́ dá dúró lára ògiri, kò sẹ́nì kankan nítòsí rẹ̀. Aago dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo gbọ́ o," ni ìyá dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ ní sùúrù, n ò tíì ṣe tán."

Ṣùgbọ́n ó ti rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Sétou, ó ń tún gèlè wé.