Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ìyá Làtíìfù

Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin Ìyá Làtíìfù ni Àmírà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ti kú. Roqeeb alápatà ni ó sọ ọ́ ní òpópónà Rye Lane ní Peckham, ní London, bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ó ní òun ò rí Àmírà àti Mummy rẹ̀ níbi ìsìnkú lánàá. Àpò iléèwé bọ́ ní èjìká ọmọ náà. Ìyá Làtíìfù kẹ̀? Ìyá tó bá wọn gbé ilé kan náà kó tó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Sydenham, tó máa ń lọ mú un ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó máa ń bó ọsàn fún un lójú ọ̀nà?

Lóòótọ́, òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ráyè pe alápatà, tó ráyè pe àwọn onídìrí, tí kò wá pe òun àti Mummy, ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbé. Àmírà wọ bọ́ọ̀sì, ó forí lé Sydenham.

Iṣẹ́ Ìtàn tó kọ fún iléèwé wà nínú àpò rẹ̀. Olùkọ́ ní kí oníkálukú mú irọ́ kan nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ àdúgbò, kó sì wádìí rẹ̀ dé ìdí. Àmírà mú Dókítà Crewe, ayédèrú oníṣègùn tó ń ta oògùn inú ìgò ní Peckham ní ohun tó lé ní àádóje ọdún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ rí. Ẹ̀rí àwọn tó ní òun wò sàn ló fi ń tajà. Ọ̀kan nínú wọn ni Harriet Moule: "Mo dúpẹ́, Dókítà. Ara mi ti fúyẹ́."

Àmírà jókòó sí ilé ìkówèésí títí ojú fi ń ta á. Ó rí i pé obìnrin náà ti kú tipẹ́ kí ẹ̀rí rẹ̀ tó kúrò nínú ìwé ìròyìn. Ó tún rí ìròyìn ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n fi wádìí ikú náà. Ọmọ Harriet ní ìyá òun a máa kíni kó tó béèrè ohunkóhun. Nínú lẹ́tà kan náà, lẹ́yìn ìkíni yẹn, ìyá náà kọ ọ́ sí Crewe pé ẹsẹ̀ òun ń wú, pé ṣé kí òun padà sí ọsibítù? Crewe gé ìyẹn jù nù. Inú bí Àmírà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ẹni tó gé ọ̀rọ̀ aláìsàn sí méjì, tó fi èyí tó dùn tajà, apànìyàn ni." Olùkọ́ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó yìn ín.

Nínú bọ́ọ̀sì, gbólóhùn náà yíjú padà, ó ń wò ó.

Nítorí Mummy ń ta Omi Àlàáfíà nígun ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan. Ó ní ó wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àmírà ló ń ya fídíò rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn nínú pé àwọn èèyàn ń wò ó, títí kan àwọn tó ń ti àdúgbò Elephant and Castle wá ra omi náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ti Ìyá Làtíìfù, Mummy bi í pé, "Ìyá, ara ńkọ́?" Ta ni nínú wa tí yóò fi ìráhùn dáhùn ìyẹn? Ẹni tí iná ń jó orí òrùlé rẹ̀ pàápàá, a dúpẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wí. Ìyá ní, "A dúpẹ́, ara ti ń le." Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti pa oògùn ọsibítù tì nítorí omi yìí, ẹsẹ̀ òun ń wú, òun ò rí oorun sùn.

Mummy rẹ́rìn-ín. "Gé ibẹ̀ yẹn, jàre. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀?"

Àmírà gé e. Ó tún fi òdòdó sí ìparí rẹ̀.

Ní Sydenham, Làtíìfù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí Àmírà wọlé.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, Bọ̀ọ̀dá Làtíìfù. Ẹ ò pè wá."

"Mi ò pè yín," ló dáhùn. "Bí mo bá pè yín, Mummy ẹ á bi mí pé ara ńkọ́. Màá ní a dúpẹ́. Ẹ tún lè fi ìyẹn náà tajà."

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tan fídíò náà. Ìyá rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú oòrùn Rye Lane, ó ń wí pé ara ti ń le. Làtíìfù ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ mọ̀: ṣé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí? Ìyá òun kì í sọ̀rọ̀ kó má lẹ́yìn. Odidi fídíò náà wà nínú fóònù tí Àmírà dì mọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti fóònù náà bọ àpò. Jẹ́jẹ́ ni Làtíìfù ti ilẹ̀kùn. Ì bá sàn kó gbá a mọ́ ọn lójú.

Mummy sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tó gbọ́ pé Ìyá ti kú, ó sunkún dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Àmírà ní kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò, ó ní ìyẹn ò ṣeé ṣe, fídíò náà ló ń pe oníbàárà wá. Ó ní àgbàlagbà ni Ìyá, Ọlọ́run ló gba ohun tó fún ni.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, Àmírà. Nínú kí lo rò pé a ti ń jẹun?"

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ṣí dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná, ó mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọsibítù fún un, ó fi omi ẹ̀rọ gbé e mì. Àràárọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmírà ti ń rí i láti kékeré, àfi bí ẹni pé òní ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

"Mummy, kí ló dé tí ẹ kì í mu Omi Àlàáfíà?"

Mummy nu ẹnu rẹ̀. "Ìwọ lo gé e. Ọwọ́ tìẹ náà wà níbẹ̀."

Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tó fi dun Àmírà dé eegun. Bí Ìyá Làtíìfù bá ń bó ọsàn, a máa wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ di odidi nínú Àmírà ni, ẹni tó sọ ọ́ ò sì sí mọ́. Ìkíni kì í ṣe ẹ̀rí. Ìdajì òtítọ́ sì tó láti pa odidi èèyàn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy, èmi ni mo gé e. Mo ti yọ fídíò yẹn kúrò láàárọ̀ yìí kí n tó bi yín, ohun tí ẹ máa sọ ni mo fẹ́ gbọ́. Mo ti fi odidi rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá Làtíìfù. Èmi àti wọn ń lọ fẹjọ́ Omi Àlàáfíà sùn ní káńsù báyìí. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó gé e, màá dárúkọ ara mi. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó ní kí n gé e, màá dárúkọ yín."