Ta Lẹ Ti Bá Gbá Rí?

Inú yìnyín ni Emmett Haverkamp ti kọ́kọ́ rí Lorna. Bọ́ọ̀sì kan ti rì sí ẹ̀bá ọ̀nà, níwájú ilé epo tó gbẹ̀yìn kéèyàn tó jáde ní Carrow Falls. Àwọn ọmọkùnrin tó ga bí òpó iná ń tì í láti ẹ̀yìn, obìnrin kúkúrú kan sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú kóòtù tó tóbi jù ú lọ, ó ń pàṣẹ fún wọn. Fìlà pupa wà lórí rẹ̀. Òtútù ti sọ imú rẹ̀ náà di pupa.

"Tavian, kúrò níbẹ̀," obìnrin náà wí. "Tí ẹ̀yìn ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la, èmi kọ́ lo máa wá bá."

"Ọ̀gá Lorna, ara mi dá ṣáṣá."

"Mo gbọ́. Lọ jókòó."

Ọmọ náà lọ jókòó. Emmett dá ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dúró, ó wọ́ ẹ̀wọ̀n irin jáde lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé kí n bá yín fà á?"

Lorna wo ọkọ̀ náà, ó wo bọ́ọ̀sì. "Ìyẹn á lè fa èyí?"

"Ó fa màlúù kan jáde nínú kòtò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màlúù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó bọ́ọ̀sì yín."

Emmett ò mọ ìdí tóun fi sọ bẹ́ẹ̀. Màlúù náà ò tóbi rárá. Lorna náà ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun bínú, ó wá ṣe méjèèjì pọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì jáde tán, ó rí i pé ìka ọkùnrin náà ti bó níbi tí ẹ̀wọ̀n ti fà á. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn di ọwọ́ náà mú, ó fi báńdéèjì wé e níbẹ̀ lójú títì. Bọ́ọ̀sì ti lọ tipẹ́ kí Emmett tó rántí pé iṣẹ́ lòun ń lọ.

Lorna Pruitt ló ń tọ́jú ara àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n fún Kọ́lẹ́ẹ̀jì Carrow. Emmett ní tiẹ̀, dókítà ẹran ni, òun sì làwọn tó ń sin màlúù wàrà káàkiri apá ibẹ̀ máa ń pè. Ilé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ti wá ń pàdé lọ́jọ́ Ẹtì, lórí ẹja díndín àti ọ̀dùnkún.

"Àwọn aláìsàn tèmi kì í parọ́," Emmett sọ. "Tẹ́sẹ̀ bá ń dun màlúù, á tiro."

"Tèmi á ní kò dun òun, á tún fò sókè kí n lè gbà á gbọ́."

"Wá bá mi tọ́jú màlúù nígbà náà, olólùfẹ́."

"Màlúù ò lè ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n."

"O ti dán an wò?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣeré títí ìgbà òtútù fi dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí Emmett ń gbé mì, lọ́jọ́ kan ó pọ̀ ọ́.

"Lorna, Russell Haverkamp ni bàbá mi."

Fọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ Lorna. "Russell Haverkamp ti Lansford?"

"Òun náà."

Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù yìí tí kò mọ orúkọ yẹn. Russell ni olórí eré ìdárayá ní Yunifásítì Lansford, ilé ẹ̀kọ́ ńlá tí pápá ìṣeré rẹ̀ gba gbogbo ará Carrow Falls kí àyè tún ṣẹ́ kù. Ó tún wà lára ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tó máa lọ síbi ìdíje ńlá oṣù Kẹta. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife líìgì tiẹ̀ kò nílò kẹ́nikẹ́ni yàn án, ó ti wọlé nìyẹn. Àwọn àyè tó bá kù, ìgbìmọ̀ ló ń pín in, àwọn líìgì ńlá ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá á pàdánù káàkiri, wọ́n á ní àwọn alágbára ló lù ú, wọ́n á mú un. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré á borí láti oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan nínú ìparí líìgì rẹ̀, wọ́n á bi í pé, "Ta lẹ ti bá gbá rí?"

Lorna gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀. "Mi ò mọ nǹkan tó yẹ kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí."

"Èmi náà ò mọ̀. Ìdí tí mi ò fi tètè sọ ọ́ nìyẹn."

Ó wò ó títí. "Ìwọ kọ́ ni bàbá ẹ, àbí?"

"Rárá o."

"Jẹ ẹja ẹ kó tó tutù."

Carrow ò tíì dáa tó bẹ́ẹ̀ rí bíi ti ọdún yẹn. Síbẹ̀, wọ́n pàdánù eré ìparí líìgì, pẹ̀lú àmì ayò kan ṣoṣo. Tavian Boone, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn, tẹsẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíì nígbà tí eré ń parí lọ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ́. Lẹ́yìn eré, Lorna fara ti ọkọ̀ Emmett níta, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Kò ṣẹ́. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á ti máa sáré. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, Emmett. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ la wà báyìí."

"Mi ò ní sọ."

Ó sì sọ ọ́. Ọjọ́ kejì ló lọ jẹun nílé àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń di ẹrù láti lọ síbi ìpàdé ìgbìmọ̀, ó wá bi í pé, "Mo rí ọmọ yẹn tó ń tiro lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ó fara pa gan-an ni?" Emmett rò ó pé bóun bá dákẹ́, bàbá òun á gbà pé ó burú. Ó ní, "Ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ló rọ́ lásán. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á ti yá." Lójú tiẹ̀, ó ṣe wọ́n lóore nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ìlú kó ara wọn sí gbọ̀ngàn eré, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n ti fẹ́ ka orúkọ àwọn tí ìgbìmọ̀ yàn. Wọ́n pe orúkọ, wọ́n pe orúkọ. Wọ́n pe Lansford. Wọ́n pe ẹgbẹ́ kan tó ti pàdánù débi pé àwọn ọmọ tiẹ̀ gan-an ń wo ara wọn tìyanu-tìyanu. Wọn ò pe Carrow. Lẹ́yìn náà ni alága ìgbìmọ̀ jáde, ó ní Carrow ò fi bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹ́ tó lágbára gbá, àti pé wọ́n gbọ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù níbẹ̀ rọ́, ara rẹ̀ ò sì dá wọn lójú.

Lorna yíjú sí Emmett. Kò pariwo.

"Yàtọ̀ sí ìwọ, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọrùn ẹsẹ̀ ni. Kódà, kóòṣì ò sọ fáwọn oníròyìn. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

"Mo ní kò ṣe é ní nǹkan. Mo ní á yá."

"Ta lo sọ fún?"

Emmett bọ́ fìlà rẹ̀. Tavian jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ bojú. Lorna lọ jókòó tì í, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan ara rẹ̀. Emmett dúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Kò mọ̀ bóyá òun ṣe ibi, tàbí òun ṣe rere tó dojú rú, kò sì sí ẹni tó lè bi.

Bó ṣe lọ nìyẹn. Lorna ò gbé ìpè Emmett mọ́. Kò sì rọrùn fún òun náà; á mú fóònù, á gbé e kalẹ̀, á bínú sí Emmett, á tún bínú sí ara rẹ̀ pé òun ò bínú tó.

Ẹ̀yìn ilé ni Emmett ti bá bàbá rẹ̀, níbi tó ti ń se omi dídùn inú igi mépù nínú agbada kó lè ki bó ṣe máa ń ṣe lóṣù Kẹta.

"Bàbá, kí lẹ sọ nínú yàrá yẹn?"

"Ohun tó o sọ fún mi. Mo ní ó rọ́ lásán ni, ọmọ náà á yá. Mo rò pé mò ń gbèjà wọn ni."

"Wọ́n ní ara ẹ̀ ò dá wọn lójú."

"Èmi náà gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n bíi tìẹ." Russell ro omi náà. "Bí mo ṣe dárúkọ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́."

"Ẹgbẹ́ tiyín náà lẹ́ni tó fara pa. Ẹnikẹ́ni béèrè?"

"Rárá."

"Tẹ́sẹ̀ Tavian ò bá rọ́ ńkọ́, ṣé wọ́n á mú wọn?"

Russell bu omi náà wò. "Wọ́n á rí nǹkan míì sọ. Wọ́n á ní ta ni wọ́n ti bá gbá rí."

"Kóòṣì Stroud ti Carrow ń bẹ̀ yín lọ́dọọdún pé kẹ́ ẹ wá bá wọn gbá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ kì í sì í lọ."

"Tá a bá lọ tí wọ́n lù wá, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ kóòṣì mi. Tá a bá borí, kò sẹ́ni tó máa kí wa kú iṣẹ́."

"Ẹ ò ní bá wọn gbá, ẹ ó tún wá ní wọn ò bá èèyàn gidi gbá."

Èéfín bo ojú Russell, ó nù ún. "Mo kọ orúkọ wọn sínú ìbò mi lákọ̀ọ́kọ́, Emmett. Nígbà tí mo rí i pé èmi nìkan ni, mo yọ ọ́. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ ìdí tí mo fi yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa pa mí tí mo bá fi í sílẹ̀."

Pẹ̀lú ìbínú ni Emmett fi dé ibẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń wo arúgbó náà, ó wá sú u láti máa bínú. Ó bá a to igi síná, ó lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wà nínú ilé màlúù kan lówùúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wọnú màlúù tó ń rọbí dé èjìká, nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn.

"Bàbá ẹ wá sọ́dọ̀ wa lánàá," Lorna wí.

Emmett ò lè yíjú. "Kí ló wá ṣe?"

"Ó bá Kóòṣì Stroud tọwọ́ bọ̀wé. Lansford máa wá gbá nílé wa lóṣù Kejìlá. Lẹ́yìn náà ló wá dúró níwájú tábìlì mi, ó ń yí fìlà. Ó ní ìwọ ò purọ́ fóun, òun lòun ò mọ bá a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ rere dé ibi tó ń lọ."

"Mo ṣèlérí fún ẹ pé mi ò ní sọ. Mo sọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ bàbá mi."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí." Lorna sún mọ́ ọn. "Mo ti ń wá bí mo ṣe máa kórìíra ẹ, Emmett. Mo jí láràárọ̀, mo wá a. Mi ò rí i."

"Lorna, ẹ̀mí mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ibi tọ́wọ́ ẹ wà yẹn lo ti ń bi mí?"

"Tí mo bá yọ ọ́, ọmọ yìí á kú."

Lorna rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó bọ́ kóòtù. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa jẹ́ ìyàwó ọmọ ọkùnrin yẹn."

"Èmi náà ò mọ bí mo ṣe ń jẹ́ ọmọ ẹ̀."

"A ó jọ máa kọ́ ọ. Níbo ni kí n ti dì í mú?"

"Ẹsẹ̀ méjèèjì. Tí mo bá ní fà, kó o fà."

Wọ́n fà á. Ọmọ màlúù náà jábọ́ sórí koríko, wọ́n sì jókòó tì í nínú ẹrẹ̀, Lorna gbé orí lé èjìká Emmett tó tutù rinrin.

Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ṣègbéyàwó, nítorí pé tí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, Lorna ò ní rójú ọkọ.

Lóṣù Kejìlá, Lansford wá. Gbọ̀ngàn kékeré yẹn kún débi pé àwọn èèyàn jókòó sórí àtẹ̀gùn. Russell Haverkamp jókòó láàárín àwọn àna rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì lé itan. Bí tọ̀tún bá jù ú wọlé, á ṣe bí ẹni fẹ́ pàtẹ́wọ́. Bí tòsì bá jù ú wọlé, á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Tavian ló ju èyí tó parí eré, Carrow sì borí. Gbogbo ilé dìde. Russell náà dìde, àmọ́ òun gan-an ò lè sọ bóyá láti yọ̀ ni tàbí láti máa lọ.

Lorna gòkè wá bá a láàárín ariwo, ó di apá rẹ̀ mú. Ọ̀gbẹ́ni Haverkamp ló ti ń pè é látọjọ́ ìgbéyàwó.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ó wí. "Àwọn ọmọ fẹ́ kí yín."

Ó jókòó.