Ìgò Tó Wá Láti Ilé Ìyàgbẹ́

"Ó ti dé! Hílíọ̀mù ti dé!"

Tíṣà Físíìsì já wọ yàrá sáyẹ́ǹsì bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Ó ń fi bébà tí wọ́n fún un nílé àyẹ̀wò lalẹ̀, ó ń fi júbà òkè. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wọn pàtẹ́wọ́: ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìbéèrè, nítorí kò sí ohun tí wọ́n sọ tí kì í wádìí.

Oṣù mẹ́ta ni Tíṣà ti ń fi iná bátìrì sínú ìgò omi kan tí irin tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Ó ní àwọn átọ́ọ̀mù inú ìgò náà, ègé tíntìntín tí ojú kò lè rí, ń para pọ̀ bíi ti inú oòrùn, láìsí ooru ńlá, lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán! Bí igi bá jó, eérú ló ń jẹ́rìí. Bí átọ́ọ̀mù wọ̀nyí bá para pọ̀ lóòótọ́, hílíọ̀mù, irú afẹ́fẹ́ kan, ni eérú wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé afẹ́fẹ́ orí omi náà lọ fún àyẹ̀wò.

Ìbéèrè wo bébà náà: márùn-ún nínú mílíọ̀nù kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòṣé. Ìwé tó kà lọ́sẹ̀ tó kọjá sọ pé iye hílíọ̀mù tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí nìyẹn.

"Sà, ṣé a fi ìgò òfìfo ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n lè fi wé e? Bí afẹ́fẹ́ ìta bá ti wọ tiwa ńkọ́?"

"Òfìfo kẹ̀? Ta ní í gbé òfo lọ fún àyẹ̀wò?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo máa ka iṣẹ́ yìí fáwọn adájọ́ ìdíje sáyẹ́ǹsì lọ́jọ́ Ẹtì. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́, kí n kọ lẹ́tà tó máa gbé ọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan péré ni mo lè kọ ọ́ fún o."

"Pa ẹnu ẹ mọ́ jàre," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í sọ. "Ẹran ti bọ́ sí ẹ lẹ́nu, o tún ń bi eyín léèrè."

Lẹ́tà náà wu Ìbéèrè dé egungun. Iṣẹ́ bíríkìlà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, apá rẹ̀ kò sì lè ká ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n irọ́ tó wọ aṣọ funfun, tó tún gbé awò sójú, a máa rí i lára. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìgò kan wọ ọ̀kan nínú ilé ìyàgbẹ́ mẹ́fà tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wọn, ó ṣí i, ó tún dé e pinpin, ó gbé e tọ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nílé àyẹ̀wò.

"Márùn-ún," ni obìnrin náà wí, "bíi ti tíṣà yín gẹ́lẹ́. Níbo lẹ ti bù ú?"

Nígbà tó gbọ́ ibi tó ti wá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kọ èsì náà sí bébà fún un.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìbéèrè ka iṣẹ́ Tíṣà láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló fa bébà kejì yọ.

"Ẹ̀yin adájọ́, nínú ilé ìyàgbẹ́ wa la ti bu eléyìí. Márùn-ún lòun náà. Bí ìgò tíṣà wa bá jẹ́ oòrùn, a jẹ́ pé oòrùn mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa. Ọ̀kan ò tiẹ̀ nílẹ̀kùn."

Gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín. Tíṣà fò dìde. "Aláìmoore! Kí lọmọ kékeré mọ̀?"

"Ẹ má bínú, Sà," ni adájọ́ àgbà wí. "Èsì ìgò òfìfo tiyín dà?"

Tíṣà wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ká bébà rẹ̀ pọ̀, ó jókòó. Ilé-ìwé wọn kò gba ipò kankan.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀rẹ́ Ìbéèrè ni Tíṣà kọ lẹ́tà náà fún.

"Ó dùn ẹ́?" ni bàbá rẹ̀ béèrè nírọ̀lẹ́, bó ti ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́.

"Ó dùn mí gan-an, Bàbá."

"Ó yẹ kó dùn ẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́: ògiri tó bá wọ́, bí a kùn ún lọ́dà nígbà ogún, wíwọ́ ló wọ́. Ẹni tó bá sá fún okùn ìwọ̀n ti mọ irú ògiri tóun mọ."

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Òtítọ́ lè gba ohun tó wù wá lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá jẹ́ kí a dán ọ̀rọ̀ òun wò, kì í ṣe ọ̀mọ̀ràn. Ẹ má ṣe bá a pàtẹ́wọ́.