Áfẹ́níù Kẹrin Lórí Ògiri Bọ̀dá Ezra

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kí gbogbo táyà tí mo bá lẹ̀ láti òní lọ máa jò. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Gbogbo Festac ló mọ̀ ọ́n, láti Áfẹ́níù Kìíní dé Ìkeje. Ẹ sún mọ́bí.

Yàrá kan ni wọ́n ti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn. Wọn ò jalè o. Òfin ìdíje ìgun-ògiri ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gun ògiri kò gbọdọ̀ rí bí ẹlòmíì ṣe gùn ún, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gba fóònù ẹ, wọ́n á tì ọ́ mọ́lé títí wọ́n á fi pe orúkọ ẹ. Àhámọ́ ni àwọn ọmọ wa ń pe yàrá náà.

Mojí jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú àhámọ́, ó ń fi èékánná ha ẹfun tó gbẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹfun yẹn ni wọ́n fi ń pa ọwọ́ kó má baà yọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ìyá rẹ̀ ń ta pírófíṣọ̀n ní Kuje Amuwo. Ìka ọmọ yẹn le débi pé ó lè fi méjì péré gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá tòun ti èrò inú ẹ̀. Folúkẹ́, ọmọ Satellite Town, tí bàbá rẹ̀ ń wa tánkà epo, jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lilian, ọmọ Gánà, wà ní kọ̀rọ̀, ó dijú, ó ń mí kanlẹ̀.

Ìdíje mẹ́ta ló wà ní sáà náà, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló sì kó ọmọ wá. Ní Àkírà, Lilian gba ipò kìíní, Mojí gba ìkejì. Ní Kùtọnu, Mojí gba kìíní, Lilian gba ìkejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Folúkẹ́ gba ìkẹta, ó ń tẹ̀ lé wọn bí òjìji. Ó wá ku ti Festac. Ẹni méjì tí máàkì wọn bá pọ̀ jù ní gbogbo sáà ló máa wọ bàálù lọ sí ìdíje àgbáyé ní Japan. Méjì péré. Ẹni kẹta á jókòó sílé, á máa wò ó lórí fóònù.

Ìyá Mojí sì ti polówó. Ẹni tó wá ra ṣúgà, "Ọmọ mi ń lọ Japan o!" Ẹni tó wá ra ọṣẹ, "Ọmọ mi ń lọ Japan o!" Ẹni tí ò ra nǹkan kan, tó kàn wá béèrè ọ̀nà, ó gbọ́ Japan kó tó gbọ́ ọ̀nà. Báwo ni èèyàn ṣe máa padà sọ́dọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òfo?

Ògiri tí wọ́n ń gùn ńkọ́? Nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni, ní Amuwo. Bọ̀dá Ezra, kóòṣì wọn, ló kàn án. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fi ń sinmi láàárín ọ̀nà. Òkúta aláràbarà ni wọ́n dè mọ́ ọn lára, òun ni wọ́n ń dì mú. Nítorí pé ọmọ Festac ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n fi àdírẹ́sì ilé wọn pín ògiri náà. Ìsàlẹ̀ ni Áfẹ́níù Kìíní, orí òkè pátápátá ni Ìkeje. Bí Bọ̀dá Ezra bá ń kọ́ wọn, á ní, "Mojí, sinmi ní Ìkẹta kí o tó ya ọ̀tún!" Àlejò ò lè mọ ohun tó ń sọ. Áfẹ́níù Kẹrin ló burú jù, torí pé ògiri yọ ikùn síta níbẹ̀. Wọ́n ti fún àwọn ọmọ náà ní ìṣẹ́jú mẹ́fà láàárọ̀ láti wo òkúta tuntun tí wọ́n tò, ṣùgbọ́n látìsàlẹ̀, ojú ò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ikùn yẹn.

Ibẹ̀ ni Dàmọ́lá ti wọ ọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Mojí ni, arẹwà ọkùnrin, ọlọ́gbọ́n, ẹni tí gbogbo Kuje fẹ́ràn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fa Mojí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu géètì.

"Gbọ́. Mà á jókòó sínú gbọ̀ngàn. Tí mo bá ti rí bí àwọn tó kọ́kọ́ gùn ún ṣe ṣe Áfẹ́níù Kẹrin, mà á wá sẹ́yìn fèrèsé yín. Mà á ṣe bí ọlọ́kadà tó ń júwe ọ̀nà. Ta ló máa fura?"

"Bọ̀dá Dàmọ́lá, wọ́n máa lé mi dànù o."

"Nítorí kí ni? Ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀ ni? O ṣáà ní etí. Etí ò ní ilẹ̀kùn."

Mojí ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn wọlé.

Nínú àhámọ́, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán lára ẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ló dé àṣekágbá, wọ́n sì ti pe mẹ́ta tó kọ́kọ́ gùn ún jáde. Wọ́n gbọ́ àtẹ́wọ́, wọ́n gbọ́ "Háà!" tí èrò ké nígbà tí ẹnì kan jábọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹ̀ pa rọ́rọ́. Ni ohùn kan bá bú jáde lẹ́yìn fèrèsé.

"Ẹ̀yin tó ń lọ Áfẹ́níù Kẹrin! Ẹ gbọ́ o!"

Folúkẹ́ gbé orí sókè. Orí ògiri Bọ̀dá Ezra lòun náà ti kọ́ṣẹ́. Ohùn yẹn ò tíì sọ gbólóhùn kejì tó fi ti ìka bọ etí méjèèjì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ilé ìwé wọn kíkan-kíkan. Lilian lajú, ó wò ó bí ẹni wo wèrè. Folúkẹ́ kọjú sí Mojí, ó ń fi ojú bi í: ìwọ ńkọ́?

Mojí gbé ọwọ́. Ọwọ́ dé èjìká. Ọwọ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó dúró.

"Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má ya ọ̀tún o! Òsì ni! Ilé ńlá kan wà lápá òsì, ẹ lè jókòó síbẹ̀ jẹun, kí ẹ tún sùn!"

Ọwọ́ Mojí rọra wálẹ̀ sórí itan.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àǹtí Beatrice, adájọ́ tó ń ṣọ́ àhámọ́, yọjú wọlé. "Kí ni ariwo yẹn?"

Folúkẹ́ ò gbọ́, ó ṣì ń kọrin. Lilian gbé èjìká. Àǹtí Beatrice wá wo Mojí.

"Àwọn ọlọ́kadà ni, mà," ni Mojí wí. "Wọ́n ń júwe ọ̀nà fún ara wọn."

"Ó dáa. Folúkẹ́, ó kàn ọ́."

Ó wá kan Mojí. Wọ́n so okùn mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Áfẹ́níù Kìíní, ó kọjá. Ìkejì, ó kọjá bí ológbò. Ní Ìkẹta, ó sinmi, ó ju ọwọ́ sílẹ̀ kan lẹ́yìn kan kí ẹ̀jẹ̀ lè sáré. Èrò dákẹ́ débi pé èèyàn lè gbọ́ bí eṣinṣin ṣe ń ronú. Ó wá fa ara rẹ̀ gun ikùn ògiri náà, ojú rẹ̀ yọ sí Áfẹ́níù Kẹrin.

Ó rí i kedere. Lápá ọ̀tún, òkúta pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́ kan, kò ju ọṣẹ tó ti tán lọ, ṣùgbọ́n ẹfun ọwọ́ èèyàn funfun báláú lára ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti dé ibẹ̀, òun ni wọ́n dì mú. Lápá òsì, òkúta ràbàtà kan, mímọ́ tónítóní, láìsí àmì ìka kankan.

Ojú rẹ̀ ní ọ̀tún. Etí rẹ̀ ní òsì. *Ẹ lè jókòó síbẹ̀ jẹun.* Apá rẹ̀ ti ń gbóná, ìka rẹ̀ ti ń ṣí. Ó fò sí òsì.

Òkúta náà ń dán bí orí apárí. Ọwọ́ rẹ̀ bà á, ó yọ̀ bọ́. Mojí já wálẹ̀, okùn gbà á lójú òfuurufú, ó ń fì dùgbẹ̀-dùgbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Lilian gùn ún dé Áfẹ́níù Kẹfà, òun ló gba kìíní. Folúkẹ́ gba ìkejì, Mojí ìkẹta, torí pé òun ló yára jù nínú àwọn tó jábọ́ ní Áfẹ́níù Kẹrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ro máàkì sáà náà pọ̀, Lilian ló wà lókè, Mojí sì fi díẹ̀ bíńtín ju Folúkẹ́ lọ. Japan ṣì wà lọ́wọ́ Mojí.

Bọ̀dá Ezra ò bá a yọ̀. "O ò rí ẹfun lápá ọ̀tún ni?"

"Mo rí i, sà."

"Kí ló wá gbé ọ lọ sí òsì?"

Mojí gbé bàtà rẹ̀, ó bọ́ síta.

Níta, Dàmọ́lá ti ń jó bọ̀. "Japan! Ta ló gbé ọ débẹ̀? Èmi náà ni!"

"Bọ̀dá Dàmọ́lá, òkúta yẹn ń yọ̀ bí ilá! Ṣé ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń lọ sí ọ̀tún ni?"

Dàmọ́lá fọwọ́ họ orí. "Wò ó... wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ní àyè ti kún. Ṣùgbọ́n mo dúró ti géètì, mo ń gbọ́ ariwo èrò. Ariwo yẹn, mo fi Ọlọ́run búra, ó dún bí òsì."

Ó wá yé Mojí. Ó ti tìtorí ohun tí ẹnì kankan ò rí purọ́ fún àgbàlagbà.

Ìgbà náà ni Folúkẹ́ jáde, ó gbé bàtà kọ́ ọrùn. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún. Ó na ọwọ́ sí Mojí. "O kú oríire. Bá wa ra nǹkan bọ̀ o."

Mojí ò lè gba ọwọ́ yẹn. "O mọ ohun tí ohùn yẹn ń sọ. Kí ló dé tí o ò fẹjọ́ mi sùn?"

"Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mi ò gbọ́ ìparí. Mi ò sì mọ̀ bóyá ìwọ gbọ́ ọ." Folúkẹ́ wò ó tààrà. "Ìwọ lo mọ̀."

Mojí dúró síbẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ lọ́kàn, ó rí ẹni tó wá ra ṣúgà. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sáré wọ gbọ̀ngàn.

"Àǹtí Beatrice, ẹ jọ̀ọ́, mà. Kì í ṣe ọlọ́kadà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo gbọ́ ọ, mo sì lò ó."

Wọ́n pa máàkì Festac rẹ̀ rẹ́. Folúkẹ́ bọ́ sí ipò kejì ní gbogbo sáà, òun àti Lilian ni wọ́n jọ lọ Japan. Ipò kejìlá ni Folúkẹ́ ṣe bọ̀, gbogbo Satellite Town sì fi ọjọ́ méje yọ̀. Lẹ́yìn ìdíje Festac yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá Mojí ò fi dárúkọ Japan. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹnì kan wá ra ọṣẹ, ó ní, "Ọmọ Japan ńkọ́?" Ìyá náà ní, "Kò lọ mọ́. Ó sọ òótọ́, òótọ́ yẹn sì gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀. Mílíìkì ńkọ́, ṣé o ò ní rà?" Mojí wà lẹ́yìn káńtà, ó gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó padà sí Áfẹ́níù Kìíní lórí ògiri Bọ̀dá Ezra, ó bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń lọ ilé ìwé, ẹ gbọ́ o. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹni tó bá fi ohun tóun fúnra ẹ̀ kọ́ sílẹ̀, tó wá ń tẹ̀ lé ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n júwe fún un lójú fèrèsé, ọ̀nà yẹn á já a sílẹ̀. Òótọ́ lè gba ipò lọ́wọ́ ẹni, kì í gba orúkọ.

"Dàmọ́lá," ni Mùsúdù oníkẹ̀kẹ́ wí látẹ̀yìn, "ṣé arẹwà ọkùnrin tí gbogbo Kuje fẹ́ràn yẹn náà kọ́gbọ́n?"

Ọgbọ́n kẹ̀? Àṣé ẹ ò mọ̀ pé bí wọ́n bá jẹ́ kí Dàmọ́lá gun ògiri yẹn fúnra ẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa fi...

"Táyà tí o lẹ̀ fún mi láàárọ̀ ti jò," ni Mùsúdù wí. "Ó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ. Wá wò ó."

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. "Dàmọ́lá, dìde níbẹ̀ jàre! Gbé pọ́ǹpù ẹ, kí o máa lọ sílé!"