Àwọn Ará Ilé Olúyẹmí

Ariwo alùpùpù ni Olúyẹmí kọ́kọ́ gbọ́, kó tó rí ẹni tó gùn ún. Ó já wọ ọgbà ilé ìwòsàn Houinmè bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, eruku ọyẹ́ sì ń tẹ̀lé e. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun àwọn agbẹ̀bí ló ń wà á. Ìborùn rẹ̀ ti yọ̀ sí èjìká, aboyún kan di mọ́ ọn níbàdí, ó ń kérora. Síbẹ̀, agbẹ̀bí náà ń kọrin. Orin jẹ́jẹ́ ni, irú èyí tí à ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Mùsíè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di nǹkan yìí mú!" ló wí fún Olúyẹmí, tó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú táì lọ́rùn àti àpò lọ́wọ́.

Olúyẹmí gbá alùpùpù náà mú. Agbẹ̀bí gbé aboyún wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé. Ọkùnrin yìí dúró níbẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Ó ti gbàgbé pé alùpùpù ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń dá a dúró. Nígbà tí obìnrin náà jáde, tó ń nu ọwọ́, tó bá a níbi tó fi í sí, ẹ̀rín pa á.

"Háà! Ẹ ṣì dì í mú?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dì í mú."

"Ọmọ ti dé o, ọkùnrin ni. Ẹ kú oríire, ẹ̀yin náà bá wa gbẹ̀bí. Ta ni kí n pè yín?"

"Olúyẹmí."

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Gbogbo ọgbà ló ti gbọ́ orúkọ yẹn. "Ẹ̀yin ni wọ́n rán wá láti Kútọnu?"

"Èmi ni."

"Asmaou lèmi," ló sọ. Ó gba alùpùpù rẹ̀, ó dá a dúró wẹ́rẹ́, ó sì padà wọlé.

Dókítà àgbà kan ló kọ́ ilé ìwòsàn méjì sí Àjàṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀, ọ̀kan ní Houinmè, ọ̀kan ní Ouando lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wà lókè òkun tà wọ́n fún àwọn olówó kan ní Kútọnu. Àwọn yẹn fẹ́ kí méjèèjì di ẹyọ kan. Ouando ni gbogbo aboyún yóò máa lọ. Houinmè yóò wà fún ìtọ́jú àwọn ọmọdé àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Olúyẹmí ni wọ́n ní kó ṣe é.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kiri nìyẹn. Yóò wọ ilé onílé, yóò tún un tò, yóò sì jáde kí ibẹ̀ tó mọ́ ọn lára. Ibi tó bá dé, nǹkan kan fẹ́ parí níbẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ ń dùn láti rí i. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ ní Djègan-Kpèvi náà ti lọ. Yàrá kan ló gbà ní àdúgbò yẹn kan náà, ọ̀nà tó mọ̀ ló ń gbà lọ gbà bọ̀, kò sì sí ìloro kan tí wọ́n ti ń pè é wọlé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Níbi iṣẹ́, bó bá yọ, ọ̀rọ̀ á dá. Abẹ́ igi gbèrèfútù ló ti ń dá oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ jẹ.

Kò pẹ́ tó fi lẹ ìwé mọ́ ògiri pé bí ọyẹ́ bá lọ, ìgbẹ̀bí yóò kó lọ sí Ouando. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Asmaou wọ ọ́físì rẹ̀, kò jókòó.

"Direkitọ̀, ta lẹ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Gbogbo òṣìṣẹ́ ni."

"Rárá o. Ògiri lẹ bá sọ̀rọ̀. Àwa kàn ń kọjá lọ ni."

Olúyẹmí ti gbọ́ èébú rí nídìí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe èébú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ló yẹ kí n ṣe?"

"Kí ẹ jókòó tì wá. Kí ẹ gbọ́ ohun tó ń bà wá lẹ́rù kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́."

Asmaou ló mú un káàkiri. Wọ́n jókòó ti Romaric, àgbà ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì, wọ́n jókòó ti àwọn tó ń fọ aṣọ, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin àdúgbò lórí àpótí ìdí ààrò wọn. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé kì í ṣe Ouando ni wọ́n kọ̀. Ẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ló ń bà wọ́n, bí ọmọ bá ń bọ̀ tí kò sí ọkọ̀. Romaric ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù pé ibi tuntun kò ní nílò arúgbó. Olúyẹmí padà sí Kútọnu, ó bá àwọn olówó jà títí wọ́n fi ra ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí yóò máa dúró sí Houinmè fún àwọn aboyún. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ibi méjèèjì máa pààrọ̀ ibi iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ojú wọn lè mọra. Romaric ló fi ṣe olórí àwọn ọlọ́dẹ.

Lọ́jọ́ kan, Asmaou gbé àwo àtàsì rẹ̀, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, wá sábẹ́ igi gbèrèfútù.

"Ẹ sún sí ọ̀hún. Àbí igi yìí náà ti di ti Kútọnu?"

"Tiyín ni. N ò ní í tà á."

"Ẹ̀yin? Bí ẹ bá rí ẹni rà á, ẹ ó lẹ ìwé mọ́ ọn lára."

Olúyẹmí rẹ́rìn-ín débi pé ata gbà á lọ́fun. Láti ọjọ́ náà, kò dá jẹun mọ́. Ó sọ fún un nípa ìyá àgbà. Asmaou sọ fún un nípa bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá rédíò jiyàn. Bí ó bá ń padà sílé lálẹ́, Olúyẹmí a máa ronú ohun tí yóò sọ fún un lọ́la. Ọ̀kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ni ọ̀rọ̀ bá débi tó le. Ilé ìgbẹ̀bí kan kò lè ní olórí méjì. Ní Ouando, Clémentine ni olórí, àgbà obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ní Houinmè, Asmaou ni. Olúyẹmí ló yẹ kó yan ọ̀kan. Bó bá yan Asmaou, a jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló yàn án. Bó bá yan Clémentine, a jẹ́ pé ìbẹ̀rù ohun tí ayé máa sọ ló yàn án. Kò rí ibi tí yóò dúró sí. Ó lọ bá àwọn olówó, ó ní, "Ọ̀kan nínú wọn ni mo nífẹ̀ẹ́. Ẹ má fi mí ṣe adájọ́." Wọ́n yan Clémentine fúnra wọn.

Kò sọ fún Asmaou. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé ọ̀la lòun máa sọ ọ́, títí tí wọ́n fi kéde rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Asmaou pàtẹ́wọ́ fún Clémentine bí àwọn yòókù. Lẹ́yìn ìpàdé, ó bá Olúyẹmí lẹ́yìn ilé.

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀. Mo ní kí wọ́n yọ mí kúrò níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mo nífẹ̀ẹ́ yín, n ò lè dá a bó ti tọ́."

"Àwọn ará Kútọnu lo kọ́kọ́ sọ fún pé o nífẹ̀ẹ́ mi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìwọ. Ohun tó ti ń retí láti gbọ́ ni, ìbínú ló sì bá a dé.

"Asmaou..."

"Ká ní o kórìíra mi ni, ò bá ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi dára. Ìfẹ́ tìrẹ ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́." Ó yí padà, kò sì sunkún títí ó fi jáde ní géètì.

Kí ọyẹ́ tó lọ tán, ó ti gba iṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Sakété.

Ọjọ́ ìkólọ dára. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé àtẹ, àwọn ìyá ọlọ́mọ ń kọrin tẹ̀lé ọkọ̀ dé Ouando. Wọ́n yìn ín láti Kútọnu, wọ́n sì ní iṣẹ́ kan ní Parakou ló kàn. Olúyẹmí padà sí yàrá rẹ̀. Ó tẹ ẹ̀bà, kò lè jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ògiri, ìyàwó aládùúgbò ń bi ọkọ rẹ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n Olúyẹmí dákẹ́ jẹ́ẹ́ kó lè gbọ́ èsì ọkọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá lọ sí Parakou lọ́la, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ibi tí òun wọlẹ̀ sí.

Clémentine ló wọ ọ́físì rẹ̀ láàárọ̀, kò kan ilẹ̀kùn.

"Direkitọ̀, ẹ gbé ilé ìwòsàn méjì papọ̀, ẹ ò wá lè gbé ara yín dé Sakété?"

"Màmá, ó ń bínú."

"Ó yẹ kó bínú. Ṣé ìbínú ni kò jẹ́ kí alùpùpù zẹ́mì máa ná Sakété ni?"

Olúyẹmí lọ. Ó bá Asmaou ní ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí náà, ó ń sá aṣọ. Obìnrin náà ti rù díẹ̀. Wọ́n kí ara wọn bí àjèjì, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"N ò wá láti mú ọ padà," ni Olúyẹmí wí. "Mo kọ iṣẹ́ Parakou. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kí n máa bójú tó ibi méjèèjì. Ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ni mo wá sọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ẹ̀rù ló bà mí, mo wá pe ẹ̀rù ní òtítọ́. Dárí jì mí."

Asmaou ń ká aṣọ kan tó ti ká tẹ́lẹ̀. "Ǹjẹ́ o mọ̀ pé bí mo bá wọlé níbí, ṣe ni wọ́n ń dákẹ́? Mo dé bí àṣẹ tuntun, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Mo ń dá jẹun. Bó ṣe máa ń rí lára rẹ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún mélòó?"

"N ò kà á."

Ó gbé aṣọ náà kalẹ̀. "Tún un sọ. Èyí tí o sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ẹnu rẹ ń gbọ̀n."

Ó tún un sọ. Asmaou fi orí lé e léjìká títí oòrùn fi wọ̀.

"N ò ní í fi iṣẹ́ ibí sílẹ̀ o," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ta ló ní kí o fi í sílẹ̀, àyànfẹ́ mi? Ọ̀nà tó ṣeé rìn ló wà láàárín wa."

"Nígbà náà, lọ rí bàbá mi."

Bàbá Asmaou gbà á lálejò nínú pálọ̀ kan tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ pátákó, nínú ilé tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kọ́ nígbà tí wọ́n ti Brazil dé. Ó wo ẹ̀yìn Olúyẹmí.

"Ta ló bá ọ wá?"

"Èmi nìkan ni, bàbá."

"Ṣé gáàsì lo wá rà ni? A kì í dá nìkan wá tọrọ ọmọ."

"Bàbá, n ò lẹ́nìkan. Bó bá sì jẹ́ ti ẹ̀sìn, n ò ní í ní kí Asmaou fi ìrun kíkí sílẹ̀ láéláé."

"Nínú ilé yìí, ẹlòmíràn ń lọ mọ́ṣáláṣí, ẹlòmíràn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni mò ń bi ọ́. Bí o bá ṣẹ ọmọ mi, ta ni yóò bá ọ wí? Ilé ta ni yóò sá lọ?" Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Lọ wá àwọn ènìyàn rẹ, ọmọ. Kí ẹ wá lọ́jọ́ Ìsinmi."

Olúyẹmí ròyìn rẹ̀ fún Clémentine bí ẹni ròyìn òkú. Clémentine ní kó júwe ilé náà fún òun, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ agbádá kan ṣoṣo tó ní, ó sì ń ronú bí yóò ṣe bẹ̀bẹ̀. Bó ṣe yà sí àdúgbò náà, ó rí èrò níwájú ilé. Romaric ló kọ́kọ́ rí, aṣọ rẹ̀ ti gba lílọ̀. Àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tó ń fọ aṣọ wà níbẹ̀, àwọn agbẹ̀bí Houinmè àti ti Ouando wà níbẹ̀, oníkálukú nínú aṣọ tirẹ̀. Clémentine ló ṣáájú.

"Ẹ pẹ́," ló sọ fún un. "Ẹ jẹ́ ká wọlé."

Nínú pálọ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá Asmaou. "Bàbá, àwa la wá. Àwa ni ará ilé Olúyẹmí."

"Ẹ bá a tan?"

"Bàbá, nígbà tó dé, a ò kí i. Ó kó wa kúrò níbi tó mọ́ wa lára, ó sì jókòó tì wá títí a fi dé ibòmíràn, kò fi ẹnì kankan sílẹ̀ lọ́nà. Kí ni ẹbí tún máa ń ṣe?"

Bàbá wo gbogbo wọn. "Bó bá ṣe ohun tí kò dáa ńkọ́, ta ni yóò bá a wí?"

"Èmi ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Bàbá ní kí wọ́n pe Asmaou. Ó jáde pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ewé, ó kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀.

"Ṣé kí n gbà, Asmaou?"

Ó wo àwọn tí wọ́n kún ìloro, ó wo ọkùnrin tó dúró láàárín wọn, tí kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

"Bàbá, ẹ gbà," ló wí.

Olúyẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀ tútù, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó gbọ́ ìró agbádá Romaric lẹ́yìn rẹ̀ bí arúgbó náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sórí orúnkún, ó gbọ́ ẹnìkan sí i, àti ẹnìkan sí i, títí gbogbo ọkùnrin ilé ìwòsàn méjèèjì fi wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.