Ìgò Tó Dé Kí Ó Tó Dé

Kí la ti mọ̀ nípa kòkòrò àrùn? A mọ̀ pé ojú lásán kò rí i. A mọ̀ pé inú yìnyín la ń gbé ìtọ̀ aláìsàn sí bí a bá ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Omi tí wọ́n fà láti ọ̀pá ẹ̀yìn ńkọ́? Ìyẹn kò fẹ́ òtútù rárá. Òtútù á pa kòkòrò inú rẹ̀ kí a tó rí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹni tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1978 ni. Àkíbù, ọmọ ọdún márùn-ún, wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìgèdè. Ara rẹ̀ gbóná. Ọrùn rẹ̀ gan. Sístà Monínúọlá, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kò mọ̀ bóyá ibà ni tàbí àrùn inú ọpọlọ, oògùn wọn sì yàtọ̀. Ó fa omi ẹ̀yìn ọmọ náà sínú ìgò, ó lẹ pílásítà mọ́ ìdérí, ó fi í sí àpò àyà Ọláyíwọlá, ẹni tó máa ń gun alùpùpù gbé nǹkan àyẹ̀wò lọ sí Adó.

"Jẹ́ kó gbóná bí ara rẹ. Wákàtí kan péré o, Láyí."

Aago mẹ́sàn-án lù.  Àìṣà, ìyá ọmọ náà, fọwọ́ kan àpò yẹn.

Lẹ́yìn ìlú Ìyìn, táyà jò. Ọyẹ́ bo ọ̀nà bí èéfín. Ẹyẹ kan kò ké. Ọláyíwọlá ń lẹ táyà, ó ń fọwọ́ kan àpò. Lójijì ó gbọ́ ìró alùpùpù tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó forí lé Adó. Ó gbójú sókè. Kò rí nǹkan kan. Eruku pàápàá kò dìde.

Aago mọ́kànlá ti kọjá kí ó tó wọ yàrá àyẹ̀wò ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó. Ẹ̀bẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Adébíyìí, ọ̀gá tó ń wo kòkòrò níbẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"O kúkú sọ pé o máa padà wá."

"Ọ̀gá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Kí aago mẹ́wàá tó lù lo dé. O fi táì mi ṣe yẹ̀yẹ́, o dúró gba èsì. O ní bí o bá tún dé, kí n fún ọ lómi mu, pé táyà ti dà ọ́ láàmú."

Ó sún ìwé àkọsílẹ̀ sí i. Orúkọ Àkíbù rèé. Ìbuwọ́lù Ọláyíwọlá rèé, pẹ̀lú ìlà gígùn tó máa ń fà sábẹ́ rẹ̀.

Ọláyíwọlá yọ ìgò. Ó gbóná. Pílásítà Sístà kò ṣí. Inú ìgò gbẹ.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Adébíyìí. Ó dìde, ó lọ bu omi wá.

Nígbà tí Ọláyíwọlá padà dé Ìgèdè, èsì ti dé ṣáájú rẹ̀, Àkíbù sì ti gba abẹ́rẹ́ tó yẹ. Sístà ní ṣebí òun ti ní kó lọ sinmi. Àìṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dúpẹ́, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ọ̀hún.

"Ó ti gbóná báyìí," ó ní. "Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé, ó tutù bíi yìnyín."

Ní ọjọ́ kẹrin, Àkíbù jókòó, ó ń bèèrè mọ́ínmọ́ín.

Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ lọ́la. Ẹ rọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú ìgò kékeré, ẹ dé e, ẹ fi í sí àpò àyà, kí ẹ rìn fún wákàtí kan. Ẹ ó rí i pé kò tutù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ́kọ́ mì í létí yín, kí ẹ gbọ́ bóyá omi ṣì wà níbẹ̀.